Bí Mo Ṣe Fi Gèlè Bo Manchester Mọ́lẹ̀

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí n ó fi di arúgbó, Ọjọ́bọ̀ tí mo wọ léèsì, tí mo wé gèlè, tí mo lọ ń na ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì tí n kò fẹ́ wọ̀ ní Stockport Road nínú òjò. Bí mo bá rántí rẹ̀ nígbà tí mo ń fọ abọ́, ńṣe ni mo máa ń dá rẹ́rìn-ín. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń fi ọwọ́ bo ojú. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló fi ipá mú mi o. Ẹnu ara mi ló kó bá mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí. Lára àwọn tí mò ń tọ́jú nígbà náà ni bàbá kan ní Pendleton, ní òkè kọkànlá nínú ilé gogoro kan. Ọmọ Ireland ni wọ́n, Frank ni orúkọ wọn. Àwọn ọ̀gá wa ní bí mo ṣe máa pè wọ́n gan-an nìyẹn. Èmi! Kí n la ẹnu, kí n pe bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ní Frank lásán, bí ẹni pé a jọ ṣeré erùpẹ̀! Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ahọ́n mi kọ̀. Bàbá Frank ni mo sọ wọ́n. Wọ́n bi mí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, mo ṣàlàyé, wọ́n ní ó dùn létí àwọn bí orúkọ oyè.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Manchester. Ibí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ibí ni wọ́n ti fẹ́ Mọríìn ìyàwó wọn, ibí náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ní Ireland ti ní ó tó gẹ́ẹ́, kí bàbá má dá gbé mọ́. Ó ń bọ̀ wá mú wọn ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n á gbéra. Bí wọ́n bá ti lọ, ó di gbéré nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń fi ìbọ̀sẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ ni wọ́n bá ní, "Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ kí n tó lọ."

Fọ́tò ni wọ́n fẹ́. Ibi mẹ́rin ni: ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé ní Longsight, níbi tí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ǹtì yàrá sí, bọ́sítọ́ọ̀pù kan ní Stockport Road, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí Mọríìn, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti gbéyàwó nítòsí ibẹ̀, àti ògiri ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Openshaw, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Orúnkún wọn ò lè gbé wọn dé ibi kankan mọ́, ọmọ wọn náà ò sì ní ráyè, torí láti ilé, ọ̀nà pápákọ̀ òfúrufú ló kàn. "Mo fẹ́ rí wọn dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i," bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú. Èmi ò dì í mú.

Ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀túnla ni mo ní ọ́fù. Inú ilé fọ́tò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ilé fọ́tò ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì gbé nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àmọ́ iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni kí n gbálẹ̀, kí n sì lọ aṣọ ńlá tí wọ́n ya ọkọ̀ òfúrufú sí, èyí tí àwọn oníbàárà máa ń dúró síwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kan kámẹ́rà, ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà ṣì ń dún létí mi. Nǹkan kan ni mo rí kọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n màmá mi máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn: "Ènìyàn ni fọ́tò. Ìyókù, aṣọ ẹ̀yìn ni."

Ẹ sì rò ó wò. Nílé wa, ta ló máa ń ya fọ́tò ilé láìsí ẹni tó dúró síwájú rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ ta ilé náà ni. Ta ló máa ń ya ògiri nìkan? Ẹni tí òun àti aládùúgbò ẹ̀ ń bá ara wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn rárá pé ẹnì kan lè fẹ́ rí bọ́sítọ́ọ̀pù kó má fẹ́ rí ènìyàn níbẹ̀. Bí fọ́tò bá máa wà, ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Ta wá ni ènìyàn náà? Èmi náà ni!

Bí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ṣe dé, mo yọ léèsì mi aláwọ̀ wáìnì jáde, èyí tí n kò tíì wọ̀ láti ìgbà tí mo ti gúnlẹ̀. Èmi àti Bùnmi la jọ ń gbé ní Longsight, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, ẹgbẹ́ sì ni wá. Òun ló mọ gèlè wé. Ó ń wé e, ó ń kùn.

"Ṣé ìgbéyàwó là ń lọ ni?"

"Fọ́tò ni."

"Fọ́tò ta ni?"

"Fọ́tò Bàbá Frank, mo ṣáà ti sọ fún ẹ."

"Kí wá lo ń wá nínú fọ́tò Bàbá Frank?"

Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. "Bùnmi, wé gèlè, jàre." Ìbéèrè tó yẹ kí n jókòó dáhùn nìyẹn o, èmi ní kó wé gèlè. Ó sì wé e lóòótọ́. Gèlè náà ga débi pé mo ní láti tẹrí ba kí n tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa jáde.

Ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé ò jìnnà sí wa. Bí bàbá ṣe júwe rẹ̀ gan-an ló wà, wọ́n tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn náà ni, ó ń dán. Bùnmi gba fóònù mi, ó sọdá sí òdìkejì títì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í darí mi bí ọ̀gá sójà. "Sún mọ́ ilẹ̀kùn! Sún mọ́ ọn dáadáa! Fẹ̀yìn tì í! Gbé àgbọ̀n sókè!" Mo fẹ̀yìn tì í. Mo gbé àgbọ̀n sókè. Ilẹ̀kùn bá ṣí.

Gèlè ló kọ́kọ́ wọlé, èmi tẹ̀ lé e. Gbì! Nígbà tí mo máa lajú, orí kápẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé ni mo wà, màmá àgbàlagbà kan sì dúró lé mi lórí pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí lọ́wọ́, ìborùn wà lórí wọn. Ó yẹ kí n dìde kí n bẹ̀bẹ̀, àbí? Ara ò gbọ́ ìyẹn. Àgbàlagbà lara rí. Mo yí padà látorí ẹ̀yìn, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà!" Yorùbá gidi ni mo sì fi sọ ọ́.

Màmá náà wò mí. Wọ́n wo léèsì. Wọ́n wo gèlè. Wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé àwọn ní ẹ̀sìn tàwọn, ẹ̀sìn náà sì tẹ́ àwọn lọ́rùn, àmọ́ àwọn dúpẹ́ pé mo wá. Oníwàásù ni wọ́n pè mí! Mò ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ, mò ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ fóònù láti òdìkejì títì. Bùnmi ò gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Nínú fọ́tò tó jáde, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi méjèèjì ló hàn jù. Ilẹ̀kùn ti ṣí wọnú pátá, kò sí àwọ̀ ewé kankan níbẹ̀.

"Èyí dáa," Bùnmi ní. "Ó rí bí ẹni pé o ń wọlé."

A dé bọ́sítọ́ọ̀pù, òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ilé fọ́tò Ìbàdàn, a kì í dúró lásán. Oníbàárà gbọ́dọ̀ máa ṣe nǹkan, kó di fóònù mú sétí, tàbí kó máa wo aago ọwọ́. Mo wá ní kí n na ọwọ́ bí ẹni tó ń dá bọ́ọ̀sì dúró, kó lè bá ibẹ̀ mu. Mo na ọwọ́. Bọ́ọ̀sì dúró.

"Ṣé o ń wọlé àbí o ò wọlé, love?" dírẹ́bà béèrè. Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo obìnrin níbí nìyẹn.

"Ẹ má bínú, sà. Fọ́tò ni."

Ó mi orí, ó wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Mo tún na ọwọ́, òmíràn tún dúró. Mo tún bẹ̀bẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni kò ṣe é gbàgbé. Bí mo ṣe sọ fún dírẹ́bà yẹn pé fọ́tò ni, ó tún kọ́là ẹ̀ ṣe, ó yọjú sí fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín sí Bùnmi. Ó fẹ́ wọ fọ́tò! Òjò wá le sí i. Bùnmi sáré wá láti ṣíji bo fóònù, ó rí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó ṣí sílẹ̀, ó fò wọlé. "Wọlé jàre, òjò ń pa wá!" Kí n tó la ẹnu, ilẹ̀kùn ti pa dé, bọ́ọ̀sì ti lọ, ó gbé Bùnmi lọ, ó gbé fóònù mi lọ.

Ẹ ò rí obìnrin onígèlè tó ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì rí. Kó má ṣe yín. Gèlè fì sí ọ̀tún, mo sá, léèsì há mi lẹ́sẹ̀, mo tún sá. Nígbà tí Bùnmi bọ́ọ́lẹ̀ tó sì fẹsẹ̀ rìn padà, inú ń bí i.

"Kí ló dé tí o ò wọlé?"

"Ta ló ní kí o wọlé?"

"Òjò ń pa mí!"

"Ṣé èmi ni oòrùn ń pa ni?"

Bí a ṣe ń jà dé ẹnu ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà kéré, gèlè mi tóbi. Ẹ parí ìyókù fúnra yín.

Ní Openshaw, ìdajì ògiri ilé iṣẹ́ náà ló kù, lẹ́yìn ibi tí àwọn tó wá rajà ń páàkì mọ́tò sí. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣeré. A ò tíì ya fọ́tò kan tí ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yanran fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Síkọ́ríìtì ni. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó le bí òkúta béèrè ohun tí à ń yà níbẹ̀. Àyà mi já. Bá a ṣe wà lórí físà yìí, ta ló fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ torí ògiri? Mo rọra sọ fún Bùnmi pé, "Mo gbé! Wọn ò ní kó wa báyìí?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀rù kankan ò sí. Ọmọ Òṣogbo ni mí."

Ó yẹ kí ìyẹn gbà wá. Ó wá ba nǹkan jẹ́ ni. Ó wo fọ́tò tí Bùnmi ń yà, ó ní kò dáa, ó tún ìdúró mi ṣe, ó wá ní kí a jọ̀ọ́, kí òun náà wà níbẹ̀, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá òun. Bùnmi ní òun ò lè máa ya gbogbo ayé kí òun nìkan máà sí níbẹ̀. La bá bẹ ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ kọjá. Àwa mẹ́ta to gbọọrọ, a fọwọ́ kọ́ ara wa lọ́rùn. Bí ọkùnrin náà ṣe ní ká rẹ́rìn-ín ni atẹ́gùn já gèlè gbà lórí mi, ó gbé e gba òkè. Fọ́tò ògiri Bàbá Frank nìyẹn: ènìyàn mẹ́ta, ẹnu mẹ́ta ní yíyà, gbogbo wa ń wo òfúrufú. Bíríkì kan ṣoṣo ò yọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tẹ àwọn fọ́tò náà jáde, wọ́n tóbi dáadáa, mo tò wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù. Mo rò pé ẹ̀bùn ìdágbére ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Frank gbé álíbọ́ọ̀mù lé orúnkún, wọ́n wọ awò ojú. Wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n sún un mọ́ ojú. Wọ́n tún gbé e jìnnà.

"Níbo ni ilẹ̀kùn wà?"

"Ó wà lẹ́yìn mi, sà. Mo ṣubú wọlé níbẹ̀ ni."

Wọ́n ṣí òmíràn. "Bọ́sítọ́ọ̀pù ńkọ́?"

"Ìyẹn, ẹ wo ibi èjìká mi. Rárá, dírẹ́bà nìyẹn."

Wọ́n ṣí i dé òpin, wọ́n pa á dé. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ara mi kọ́kọ́ gbóná, mo fẹ́ bínú, mo fẹ́ ní ṣé wọn ò rí gbogbo wàhálà tí mo ṣe ni. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú bò mí. Bàbá tó ń fi ìlú sílẹ̀ lọ́la bẹ̀ mí fún nǹkan kan ṣoṣo, èmi fi ara mi bò ó mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mò ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi, omi ti ń bọ́ lójú mi.

Bàbá gbọ́ ọ títí. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn gbé agolo bisikíìtì kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Fọ́tò àtijọ́ ló kún inú ẹ̀. Nínú gbogbo wọn, obìnrin síńgbọnlẹ̀ kan ló dúró níwájú, tó dé àkẹtẹ̀ fífẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Mọríìn nìyẹn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì," wọ́n ní. N kò rí ṣọ́ọ̀ṣì. "Mọríìn nìyẹn ní bọ́sítọ́ọ̀pù." Àkẹtẹ̀ nìkan ni mo rí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé kámẹ́rà, á ti dé iwájú. Odidi ìgbésí ayé mi ni mo fi ya ìlú yìí, n kò rí ìlú náà rí. Mo wá rán ẹ níṣẹ́, kí n lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìyàwó mi!" Ẹ̀rín bá gbé wọn, wọ́n rín in títí wọ́n fi ń húkọ́, mo ní láti bá wọn fọwọ́ lu ẹ̀yìn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín ni o, àmọ́ n kò lè jẹ́ kó parí síbẹ̀. Mo ní wákàtí mẹ́rin kí n tó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí mò ń tọ́jú. Mo sáré jáde nínú yunifọ́ọ̀mù, èmi nìkan, kò sí gèlè, kò sí Bùnmi. Ní Longsight, mo kan ilẹ̀kùn, mo bẹ màmá náà dáadáa, wọ́n sì bá mi ti ilẹ̀kùn wọn pa kí n lè yà á. Ní bọ́sítọ́ọ̀pù, mo dúró sí òdìkejì títì, mo ti ọwọ́ bọ àpò. Mo dúró de ìgbà tí bọ́ọ̀sì lọ tí ibẹ̀ dá. Mo ya ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Openshaw, síkọ́ríìtì rí mi lókèèrè, ó sáré wá, ó ń tún kọ́là ṣe. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú ògiri."

Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi, síbẹ̀ mo ti dé Pendleton láago mẹ́sàn-án. Ọmọ wọn ti dé, ó ń di àpótí. Mo kó fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n mi orí. Wọ́n wo ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wo ògiri. Èyí tó kẹ́yìn ni bọ́sítọ́ọ̀pù, wọ́n wò ó pẹ́ títí.

"Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ látọjọ́ yìí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nu ojú wọn. "Mọríìn mọ ohun tó ń ṣe."

Wọ́n dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún mi, wọ́n ní kí n máa fi rántí àwọn. Agolo Mọríìn ni wọ́n gbé mọ́ra. Kí wọ́n tó dé e, wọ́n yọ fọ́tò kan nínú álíbọ́ọ̀mù mi, wọ́n fi í lé orí gbogbo rẹ̀. Èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi wà níbẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀ fún wọn lẹ́nu lífíìtì, mo sì sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé.

Ohun tí mo kọ́ ni pé bí ẹnì kan bá rán mi níṣẹ́ nísinsìnyí, mo máa ń béèrè ohun tó fẹ́ rí gan-an, kí n tó béèrè aṣọ tí n ó wọ̀. Bùnmi ní òun ti kọ́kọ́ bi mí. Kó gbẹ́nu dákẹ́.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, ọmọ Bàbá fi fọ́tò kan ránṣẹ́ láti Ireland. Bàbá Frank ló dúró gbagidi, wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè. Ọmọ wọn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ibi tó lókìkí jù lọ nílùú àwọn nìyẹn, pé Bàbá ní kí òun yà á bẹ́ẹ̀, pé màá mọ ìdí ẹ̀. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Òkúta díẹ̀ ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn. Bùnmi ní ààfin ọba àtijọ́ ni, èmi ní afárá ni. A ti jà sí i títí, a sì ti rẹ́rìn-ín sí i títí. Títí di òní, n kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn Bàbá yẹn, n kò sì ní béèrè.